Ẹ̀rọ Ìṣírò Bàbá Salifou

Nọ́mbà fóònù tí bàbá náà fún mi kò pé. Mo rí i lójú ẹsẹ̀, n kò sì sọ nǹkan kan. Láti ìparí ọdún 2024 ni ìjọba ilẹ̀ wa ti ní kí gbogbo wa fi òdo àti ení ṣáájú nọ́mbà wa, kí ẹyọ mẹ́jọ di mẹ́wàá. Bí o bá pe ẹyọ mẹ́jọ lásán, obìnrin kan á fi Faransé sọ fún ọ pé nọ́mbà tí ò ń pè kò sí. Ọmọdé Bantè mọ̀ ọ́n. Ẹyọ mẹ́jọ péré ni bàbá yìí fún mi. Mo sọ fún ara mi pé àgbà ni, kò tíì mọ́ ọn lára, màá fi méjì tó kù kún un fúnra mi.

Lassissi ni orúkọ mi. Rédíò ni mo ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Bantè láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Bàbá mi tó wá láti Ṣakí ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo mọ iṣẹ́ náà, n kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ purọ́. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń gbé rédíò wá? Inú fóònù ni gbogbo ayé kó sí. Ọ̀sẹ̀ kan lè dé kí ó tún lọ, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi àfi ewúrẹ́ ará ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó mi, Bilkissou, lọ wẹ ọmọ fún ọmọbìnrin wa ní Abidjan. Oṣù mẹ́ta ló dá fún mi. Ọmọ tó lọ wẹ̀ ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ báyìí. Bí mo bá pè, wọ́n á ní ó ń dáná, wọ́n á ní ó ń kírun, wọ́n á ní ara rẹ̀ le. Ẹni tó bá ń dá gbé mọ ohun tí mò ń sọ: nígbà mìíràn mo máa ń wúkọ́ nínú ilé, kí n lè gbọ́ pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tán ni. Òórùn èso kajú tó ti ń kan bo gbogbo ìlú, òjò àkọ́rọ̀ kò sì tíì rọ̀. Bàbá náà dé lẹ́yìn ìrun Àìlà, nígbà tí gbogbo ọjà máa ń tòògbé. N kò gbọ́ ìró alùpùpù sémì kankan tó gbé e wá, n kò sì rí i lókèèrè kí ó tó dé. Mo kàn gbójú sókè, ó ti jókòó. Aṣọ funfun ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n funfun ọ̀hún ti gba àwọ̀ ilẹ̀ pupa láti ìsàlẹ̀ dé àyà. Èmi ń nu ọrùn, ẹyọ òógùn kan kò sí lójú tirẹ̀. Mo bu omi fún un. Ó gba ife, ó dúpẹ́, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Títí ó fi lọ, kò fẹnu kàn án.

"Ọ̀gá Lassissi," ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. "Wọ́n ní kò sí makínì tí ìwọ kò mọ̀."

"Wọn ò purọ́, Bàbá."

Ó tú aṣọ kékeré kan sórí tábìlì mi. Ẹ̀rọ ìṣírò ni, irú tí a ń fi sínú àpò àyà, ṣùgbọ́n ó nípọn, ó sì wúwo bí ọṣẹ tuntun. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú rẹ̀.

"Wá ìdí rẹ̀ fún mi," ó ní. "Ibi tó ti wá, ọjọ́ orí rẹ̀, iye tó tó. Lẹ́yìn náà, kí o bá mi tà á. Mo ní ọmọbìnrin kan ní Savalou, Fàthíà ni orúkọ rẹ̀, òun ni kí o gbé owó náà fún."

"Kò sí wàhálà, Bàbá. Bí mo bá ti rí ẹni tó fẹ́ ẹ, màá tà á."

Ó mi orí. "O kò ní tà á láìgbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mùsùlùmí ni ọ́."

Ó tọ̀nà. Alágbàtà tó bẹ̀rù Ọlọ́run kì í dá ọjà ọlọ́jà tà. O ní láti dárúkọ iye fún ẹni tó ni ín, kí òun náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mo tà á." Bí kò bá sọ ọ́, tàbí tí ó sọ ọ́ láìmọ ohun tó ń tà, kò sí títà níbẹ̀. Ẹrù ẹlẹ́rù lásán ni oníbàárà gbé lọ. Bàbá mi kọ́ mi bẹ́ẹ̀, n kò sì yà kúrò níbẹ̀ rí.

"Má jẹ́ kó pẹ́," bàbá náà ní. "Mo ti ń gbàgbé nǹkan. Lójoojúmọ́ ni ohun kan ń jábọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá gbàgbé èyí náà kí n tó tà á, n kò ní lè sinmi mọ́."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Iyè àgbà a máa rà, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo béèrè orúkọ rẹ̀, ó ní Salifou. Mo wá bírò láti kọ nọ́mbà rẹ̀, n kò rí. Ó ní kí n má dààmú, ó fi ìka tẹ nọ́mbà náà sórí ẹ̀rọ, ẹyọ mẹ́jọ sì tàn pupa lójú rẹ̀. Mo rí bírò lábẹ́ tábìlì, mo dà wọ́n kọ sẹ́yìn páálí kan. Nígbà tí mo gbójú sókè, bẹ́ǹṣì ti ṣófo.

Mo yí ẹ̀rọ náà padà láti yọ píìlì, ìyẹn bátìrì, inú rẹ̀, nítorí píìlì tó bá pẹ́ nínú nǹkan a máa da omi sí i, a sì bà á jẹ́. Kò sí píìlì níbẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ló kún ibẹ̀ dẹ́nu. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù, ó rin, nínú ọ̀dá tó jẹ́ pé kànga gan-an ń gbẹ.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi ju ẹ̀rù lọ. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni ti gbé ohun tó yẹ ọwọ́ mi wá.

Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀rọ ìṣírò. Ti ìsinsìnyí, dúdú ni nọ́mbà wọn, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n sì ń jẹ. Ti àtijọ́ ni iná pupa ń tàn nínú wọn, nọ́mbà wọn kéré débi pé wọ́n ní láti lẹ ẹyọ gíláàsì kan mọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ojú lè rí i. Irú ìyẹn ni èyí. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti họ kúrò níwájú rẹ̀, àpá rẹ̀ nìkan ló kù. Kò ní bọ́tìnnì ìdọ́gba. Ti àròpọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà kan nìyẹn. Mo tú síkúrù mẹ́rin ẹ̀yìn rẹ̀. Mo gbọn erùpẹ̀ dànù, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ọtí nu ibi tó ti dógùn-ún. Lára ẹyọ dúdú kékeré tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mò ń wá: 7436. Àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ a máa kọ ọdún ṣáájú, wọ́n á sì kọ ọ̀sẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógójì, ọdún 1974. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ Japan.

Mo fi píìlì tuntun sí i. Mo ní kí ó sọ méjìlá lọ́nà méjìlá fún mi, ó sọ ọ́. Mo yẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo dárin, inú mi sì dùn.

Ní Savalou, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Chimène, ọmọ ẹ̀yà Mahi, tó ń ra nǹkan àtijọ́ tà fún àwọn òyìnbó lórí ẹ̀rọ ayélujára. Mo ya àwòrán iwájú, ẹ̀yìn àti inú rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i. Kò pé wákàtí kan tó fi pè mí.

"Papa Lassissi, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Gbogbo bọ́tìnnì."

"Píìlì ò jẹ inú rẹ̀? Ìdérí ẹ̀yìn yẹn ńkọ́, tirẹ̀ gan-an ni àbí ẹ gbé ti òmíràn bò ó?"

"Tirẹ̀ ni. Ṣé alárékérekè ni mí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ yín, Papa. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà fáráǹkì. Ẹnì kan wà tó ń wá irú rẹ̀. Ẹ má gbé e fún ẹlòmíràn o, dakọ́ọ̀, ṣé ẹ gbọ́?"

Ọjọ́ Àlàmísì ni. Iṣẹ́ ti parí. Ó ku kí n pe ẹni tó ni ín, kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀.

Mo fi òdo àti ení sí iwájú nọ́mbà rẹ̀, mo pè é. Obìnrin elédè Faransé ní kò sí nọ́mbà bẹ́ẹ̀. Mo tún un pè, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára láti ọjọ́ pípẹ́, ó tẹ ẹyọ mẹ́jọ lásán. Mo fẹ́ pa á nígbà tí mo rí àṣìṣe mi, ó sì dún. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dún.

"Lassissi," ohùn bàbá náà ní.

Kò sí ariwo kankan lẹ́yìn ohùn náà. Kò sí àkùkọ, kò sí ọkọ̀, kò sí ọmọ tó ń sunkún. Ibi tó wà pa mọ́.

"Bàbá, mò ń pè yín nítorí makínì yín ni."

"O kú iṣẹ́. Ṣé o ti jẹun?"

Ìbéèrè yẹn ló bà mí jẹ́. Ó ti lé ní ọdún kan tí ẹnikẹ́ni ti bi mí bóyá mo jẹun. Mo ní n kò tíì jẹ. Ó ní kí ni mo fẹ́ jẹ, mo ní gàrí. Ó ní kí àgbàlagbà máa mu gàrí nínú ìlú tí iṣu pọ̀ tó báyìí, ṣé wọ́n fi mí ré ni? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀rọ̀ bọ́ sórí iṣu, ó bọ́ sórí ọ̀dá, ó bọ́ sórí Bilkissou. Ìgbà tí ó wá ní, "Ṣé o ti mọ ìdí rẹ̀ àti iye rẹ̀?" ahọ́n mi yí padà lẹ́nu mi.

"Kò tíì dá mi lójú, Bàbá. Ẹ fún mi lọ́jọ́ kan sí i."

"Má jẹ́ kó pẹ́, Lassissi," ó ní.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo purọ́. Bí mo bá sọ iye náà, yóò ní, "Mo tà á," ọ̀rọ̀ á sì tán láàárín wa. N óò padà sọ́dọ̀ ewúrẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti kírun Àìlà tán, mo ń pè é. Ó sọ fún mi pé akọ̀wé òwú ni òun ní Djaloukou, nígbà tí wọ́n ń gbé ìdì òwú kọ́ sórí òṣùwọ̀n lábẹ́ igi máńgòrò. Òun á tẹ ẹ̀rọ, àwọn àgbẹ̀ á na ọrùn láti wo iná pupa náà. Wọ́n gbà pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò lè purọ́. Ó fẹ́ràn ẹ̀rọ náà ju ènìyàn lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Fàthíà, ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, mú un láti fi ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ nà án níwájú àwọn àgbẹ̀, ó sì ní ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀rọ náà mọ́ láyé.

"N kò bẹ̀ ẹ́ rí," ó ní. "Owó yìí ni mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́. Bó bá gbà á, á mọ̀."

Èmi náà sọ tèmi fún un. Mo sọ bí bàbá mi ṣe fi ẹsẹ̀ rìn láti Ṣakí. Mo sọ nípa rédíò àkọ́kọ́ tí mo tún ṣe, tó gbé ohùn Cotonou jáde, tí ìyá mi jó. Mo sọ nípa Abidjan, oṣù mẹ́ta tó di ọdún mẹ́rin. Mo sọ nípa ikọ́ tí mò ń wú nínú ilé. Kò sí ohun tí n kò sọ fún un. Ní ìparí, á béèrè iye ẹ̀rọ náà, èmi á sì ní ó kù díẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó wá orúkọ ibi tó ti ṣe akọ̀wé òwú, kò rí i. Mo ní, "Djaloukou, Bàbá." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Djaloukou." Lọ́jọ́ kẹfà, orúkọ ìyàwó rẹ̀ lọ, èyí n kò lè bá a wá, nítorí kò sọ ọ́ fún mi rí. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó ní, "Ọmọ mi yẹn, tí mo ní kí o gbé owó fún. Kí ni mo ní orúkọ rẹ̀ ń jẹ́?"

"Fàthíà."

"Àhàn." Mo gbọ́ ọ tó ń pe orúkọ náà lábẹ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. "Lassissi, ṣé o kò tíì rí iye rẹ̀ ni? Mo bẹ̀ ọ́."

"Ó kù díẹ̀, Bàbá."

Mo mọ̀ pé mò ń ṣìkà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ebi ènìyàn ló sì ń pa mí.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe tipẹ́. Mo wo iye ìnìtì, owó ìpè, tó kù lórí fóònù mi. Ẹgbẹ̀rún fáráǹkì tí mo fi sí i ṣáájú ìpè àkọ́kọ́ pé síbẹ̀, kò dín ní kọ́bọ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí ọ̀rọ̀. Mo ṣí ibi tí fóònù ń to àwọn ìpè sí. Chimène wà níbẹ̀. Abidjan wà níbẹ̀. Nọ́mbà bàbá náà kò sí níbẹ̀ rárá. Mo gbé fóònù jìnnà sí mi, mo sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Lọ́jọ́ kejì, mo tún pè é.

Chimène ló já mi gbà. Ó ní ẹni tó fẹ́ ẹ̀rọ náà kò ní dúró kọjá ọjọ́ Àtìní. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé inú mi dùn, nítorí irọ́ náà ti sú mi, n kò sì mọ bí mo ṣe lè dá a dúró fúnra mi. Mo pinnu pé n óò kọ́kọ́ wá Fàthíà kàn. N óò pe bàbá rẹ̀ níṣojú rẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè gbọ́ ohùn ara wọn, kí bàbá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Mo rò pé ìyẹn á tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Savalou láàárọ̀ ọjọ́ Àtìní, ẹ̀rọ náà wà nínú àpò àyà mi. N kò béèrè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí wọ́n tó fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ hàn mí lẹ́yìn mọ́sáláṣí. Aránṣọ ni. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó wé gèlè dúdú kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí máṣíìnì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin ni Fàthíà, ọmọ Bàbá Salifou akọ̀wé òwú?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó."

Mo yọ ẹ̀rọ náà, mo gbé e sórí aṣọ tó ń rán. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn lójijì, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Máṣíìnì dákẹ́.

"Ibo lẹ ti rí i?"

"Bàbá yín ló gbé e wá bá mi ní Bantè, kí n bá wọn tà á. Ó ní ẹ̀yin ni kí n gbé owó rẹ̀ fún."

"Ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé."

"Bàbá," ó ní, "Iléyá tó ń bọ̀ yìí ni yóò pé ọdún mẹ́ta tí bàbá mi kú."

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní Adamou, àbúrò bàbá rẹ̀, ló mú ẹ̀rọ náà nínú àpótí ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ín, ó sì fi í sínú àpò àyà ara rẹ̀. Adamou wà lára àwọn tó wọ inú sàréè láti tẹ́ òkú. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà yọ̀ bọ́. Ojú tì í láti sọ ọ́ níwájú àwọn àlùfáà. Wọ́n da erùpẹ̀ lé e.

"A pín gbogbo ogún tán, ó ku èyí," Fàthíà ní. "Nígbà tí Adamou wá jẹ́wọ́, a ò gbà á gbọ́. A ní ó ti tà á jẹ ni. Ẹ ò rí i pé ẹrù wa ni bàbá sùn lé láti ọjọ́ yìí?"

Mo sọ bí mo ṣe ń pè é. N kò sọ pé mo purọ́. Ó fi ìbòrí nu ojú, ó ní, "Ẹ pè é. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Mo tẹ ẹyọ mẹ́jọ, mo sì gbé ohùn fóònù sókè kí àwa méjèèjì lè gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó dún pẹ́ kí wọ́n tó gbé e.

"Bàbá, èmi Lassissi ni," mo ní, mò ń yára. "Mo ti rí i. Ọdún 1974 ni wọ́n ṣe é, ní Japan. Ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún fáráǹkì ni wọ́n fẹ́ rà á. Fàthíà wà lọ́dọ̀ mi níbí. Ẹ kàn sọ pé ẹ tà á."

"Kí ni?"

"Makínì yín, Bàbá."

"Makínì wo?"

Fàthíà gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Bàbá, Fàthíà ni. Mi ò bínú mọ́. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti bínú. Ẹ sọ pé ẹ tà á, kí ẹ lè sinmi."

Ohùn náà wá padà, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ènìyàn máa ń fi fún àlejò.

"Ọmọ dáadáa, ta lò ń wá?"

"Mò ń wá Bàbá Salifou."

"N kò mọ̀ ọ́n. Bóyá o ṣi nọ́mbà pè."

Fàthíà rọra gbé fóònù sílẹ̀. Kò sunkún. Ó ń wo ẹ̀rọ náà lórí aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ti padà sẹ́yìn rẹ̀.

"Ọjọ́ wo lẹ ti mọ iye rẹ̀, Bàbá?"

N kò lè purọ́ mọ́. "Àlàmísì kan ṣáájú èyí tó kọjá."

"Ṣé ó ṣì mọ orúkọ mi nígbà náà?"

"Ó mọ̀ ọ́n."

Ìbá sàn kí ó bú mi. Ìbá sàn kí ó pe ará àdúgbò jáde sí mi. Ó kàn fi ègé aṣọ kan bo ẹ̀rọ náà, ó fi igi ìwọn-aṣọ tì í padà sọ́dọ̀ mi, kò fi ọwọ́ kàn án. "Ẹ máa gbé e lọ," ó ní. "Ẹni tó ni ín kò tà á."

Mo gbé e padà sí Bantè. Chimène pè mí ní ìgbà mẹ́fà, n kò gbé e. Kí ni n óò sọ fún un?

Láti ọjọ́ náà, èmi kọ́ ni mò ń pè é mọ́. Òun ló ń pè mí, nígbàkígbà, ní ẹyọ mẹ́jọ. Mò ń gbé e, nítorí bí èmi kò bá gbé e, kò sí ẹlòmíràn tí yóò gbé e. Mò ń kọ́ ọ. Mo máa ń ní, "Salifou ni yín. Akọ̀wé òwú ni yín ní Djaloukou. Fàthíà ni ọmọ yín. Makínì oníná pupa kan wà tí ẹ fẹ́ tà." Ó ń tẹ̀ lé mi bí ọmọ ilé kéwú. Ó tiẹ̀ ń sọ pé, "Mo tà á," nígbà tí mo bá ní kí ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n á tún bi mí pé kí ni òun tà. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, gbogbo rẹ̀ ti ṣàn lọ. Mo fẹ́ ẹni tí n óò máa bá sọ̀rọ̀, mo ti rí i. Mo ti bẹ Ọlọ́run kí ó gbà á lọ́wọ́ mi, kí ó sì dárí jì mí.

Lánàá, bí mo ṣe gbé fóònù, mo bi í bí mo ṣe ń bi í lójoojúmọ́: "Bàbá, ta ni yín?"

Kò ronú rárá. Ohùn rẹ̀ fúyẹ́, ó dùn, bí ti ẹni tó rí ohun tó sọnù.

"Lassissi ni mí," ó ní. "Rédíò ni mò ń tún ṣe ní Bantè. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Ṣakí. Ìyàwó mi lọ wẹ ọmọ ní Abidjan, oṣù mẹ́ta ló dá fún mi."

Mo fẹ́ sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó ń sọ nípa ìyá mi àti ijó tó jó níwájú rédíò, ó mọ àwọ̀ ìró tó ró lọ́jọ́ náà, èyí tí èmi kò rántí mọ́, tí n kò sì rò pé mo sọ fún un rí. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ńkọ́?" ó bi mí. "Ta ni ìwọ?"

Mo gbójú sókè, mo ka orúkọ tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi kí n tó dá a lóhùn.